Ìyáálé Ń Gòkè, Ìyàwó Ń Sọ̀

Ẹ wo àpáta yìí lẹ́yìn Àpákè,
ibi tí ewúrẹ́ ń sùn lórí irin tó kù.
Hòtẹ́ẹ̀lì wà lókè, ìsọ̀ aṣẹ́gità wà nísàlẹ̀,
àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́fà ló wà láàárín wọn.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Oyègbadé lò ní Ọbúàsì
nídìí ẹ̀rọ tó ń fa awakùsà jáde nínú ihò wúrà.
Nígbà tí Gáná ní ká máa lọ,
ẹlòmíràn gbé aṣọ, ẹlòmíràn gbé ìkòkò;
òun ká okùn wáyà bí ejò sínú àpótí.
Kọ́sítọ́ọ̀mù ní, kí lèyí?
Ó ní, "Mo fẹ́ fi gun òkè ni."
Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ́ kó kọjá.

Bí bàbá mi ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí:
ọkọ̀ kékeré méjì, ìjókòó mẹ́rin mẹ́rin,
okùn kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀.
Bí èyí bá ń gòkè, tọ̀hún ń sọ̀.
Ní àárín òkè, irin là sí méjì
kí wọ́n lè ya ara wọn.

Oyègbadé kọ orúkọ sí wọn lára:
Ìfẹ́sowápọ̀, Ìrẹ́pọ̀.
Ta ló ráyè ìyẹn?
Ìlú pe aláwọ̀ ewé ní Ìyáálé,
wọ́n pe pupa ní Ìyàwó,
torí ìgbà ogún lójúmọ́ ni wọ́n ń pàdé,
wọn kì í kí ara wọn.
Ìyá Dúrósinmi, ìyáálé Oyègbadé gan-an,
kò wọ pupa rí.
Bí ewé bá ti lọ, á káwọ́ gbera,
á máa wo sánmà títí yóò fi dé.

Bàbá mi, Àdìgún, ló ń mú búréèkì.
Lọ́dún tí dísẹ́ẹ̀lì di ohun à ń wá,
ẹ̀ńjìnnì Lísítà dákẹ́,
bàbá mi di òṣùwọ̀n.
Á wo àlejò láti orí dé ẹsẹ̀,
á pariwo sókè:
"Ẹ kó àpò làfún mẹ́ta sínú Ìyàwó,
ẹ fi iṣu márùn-ún lé e!"
Làfún ń sọ̀, mánijà báńkì ń gòkè.
Adájọ́ kan wá láti Ìlọrin;
bàbá mi ní àpò mẹ́rin, ó tún un wò,
ó ní kí wọ́n fi ọ̀kan kún un.
Adájọ́ ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.
Ta ló ń ru làfún padà sókè?
Àwa ọmọ ni.
Ẹnìkan ṣáà gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ gun òkè.

Ọjọ́ kan, nínú ọyẹ́, búréèkì há.
Ìyá Dúrósinmi wà nínú ewé, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀;
Àríkẹ́, ìyàwó kékeré, wà nínú pupa, ó ń gòkè.
Wọ́n dúró gẹ́lẹ́ níbi tí irin gbé là,
ọwọ́ lè tó ọwọ́,
láti ìrọ̀lẹ́ títí aago sọ́ọ̀ṣì fi lù mẹ́wàá.
Ohun tí wọ́n sọ, a ò mọ̀.
A ṣáà gbọ́ tí ẹnìkan rẹ́rìn-ín.
Bàbá mi ní búréèkì ló há.
Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ní búréèkì ló há.
Látọjọ́ náà, ìyáálé ò wọ pupa síbẹ̀síbẹ̀,
ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, á gbọ́wọ́ sókè díẹ̀.

Oyègbadé kú. Okùn dógùn-ún.
Àwọn tó ń ra irin àlòkù gbé Ìyàwó lọ,
wọ́n wọ̀n ọ́n ní kílò bí ẹran.
Adìẹ ń yé nínú Ìyáálé.

Lọ́dún tó kọjá, mo di bàbá mi lápá mú,
à ń gun àtẹ̀gùn ní méjì méjì, à ń sinmi.
Nígbà tí a dé àárín, ó dúró.
Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.
Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ̀yìn ti àpáta,
bí ẹni ń yà fún nǹkan.
A dúró díẹ̀.
"Ó ti kọjá," ó ní, "ó yá."